Ohun Tí Ikán Jẹ Kù

Láti Kétu ni wọ́n ti gbé e wá, lẹ́yìn alùpùpù Básílì.
Ìyá Àwẹ̀ró gbá a mọ́ àyà nínú ìdajì aṣọ òkè
bí ẹni ń gbé ọmọ tí ibà mú lọ sọ́dọ̀ dókítà.
"Bàbá bàbá mi ló wà níbẹ̀," ó ní,
"ó dúró lẹ́nu Àkàbà, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání.
Bá wa tún ojú rẹ̀ ṣe."

Mo tú aṣọ. Erùpẹ̀ ikán dà sórí tábìlì.
Ilẹ̀kùn ńlá náà wà, pákó rẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan,
ẹni tó yà á kò tilẹ̀ fo ìṣó kan:
mo kà wọ́n, mẹ́tàlélógún.
Ewúrẹ́ kan dúró lẹ́bàá ògiri, etí rẹ̀ kan kò sí.
Ọkùnrin náà wà: ẹsẹ̀, agbádá, ọwọ́, kọ́kọ́rọ́.
Láti ọrùn lọ sókè, ihò.
Ikán jẹ ojú, ó fi fìlà sílẹ̀;
fìlà léfòó lókè, kò sí orí tó dé e.

Ní Àjàṣẹ́ níbí, afẹ́fẹ́ gan-an ni ọ̀tá mi.
Ọ̀sà ń mí wọ inú yàrá lóru,
mo ti fèrèsé, mo tan fáànù,
síbẹ̀ bílẹ̀ bá mọ́, pépà á ti wú bí ètè tí oyin ta.

Ẹnìkan tó fẹ́ràn rẹ̀ ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ rí.
Ìfẹ́ yẹn bà á jẹ́ ju ikán lọ.
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣí i kúrò,
abẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, èémí tí mo há mọ́yà.

Tàdáwà náà kò ṣe é fọkàn tán. Irin wà nínú rẹ̀,
ó ń dípẹtà, ó ń jẹ pépà tó gbé e dání.
Ibi tí ayàwòrán ti tẹ̀wọ́ jù, ní kọ́kọ́rọ́ náà,
ibẹ̀ ló fẹ́ já.
Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n:
mo wá pépà tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà,
mo fi bá a gbẹ̀yìn ọmọ.
Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Mo sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀méje,
mo sè é títí ó fi ń dán bí ojú ẹja tútù.
Ìyàwó mi yọjú: "Ṣé kí n fi ṣúgà sí i, ká mu ún?"

Mo fẹ́ dí etí ewúrẹ́ náà pẹ̀lú.
Mo gbé e sábẹ́ dígí.
Kò síhò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á.
Mo fi í sílẹ̀.

Ihò ojú ni mo dí, pépà òfìfo,
tí mo rẹ sínú tíì tí kò le, kó má baà pariwo.

Básílì rí i, ó bínú. "Owó tí mo san! Ojú dà?"
Ó na fóònù sí mi, àwòrán àbúrò bàbá rẹ̀:
"Gbogbo wa la jọ ọ́. Ya èyí."
Mo ní, "Ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n.
Bí mo bá yà á, èmi ni yóò máa dúró lẹ́nu Àkàbà yín."

Ìyá Àwẹ̀ró kò dá sí wa.
Ó bèèrè awò ojú rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú,
ìka rẹ̀ kọjá fìlà, kọjá ihò,
ó dúró lórí ewúrẹ́.
"Etí kan," ó ní.
"Ìyá mi sọ pé ajá ló gé e jẹ, lọ́jọ́ ìkómọ òun.
Ọgọ́rin ọdún ni mo fi pè é ní irọ́."

Básílì pa fóònù.
Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì,
òun náà ń wá etí ewúrẹ́.